Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Richard Allen, Baba Ìjọ Àwọn Ènìyàn Dúdú ní Amẹ́ríkà (1760–1831)

Ẹ rántí ìjọ Filadélfíà tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìwé Ìfihàn, orí kẹta: ìjọ tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí Olúwa ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni ìfẹ́ ará. Nígbà tí àwọn ará Kwékà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú kan dó ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1682, orúkọ yìí ni wọ́n fún un. Ní ìlú ìfẹ́ ará yìí kan náà ni a ti fa ènìyàn dúdú dìde lórí eékún rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbàdúrà, nítorí pé ó kúnlẹ̀ sí ibi tí a kò fún ẹni aláwọ̀ dúdú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwà àbùkù náà ni a fẹ́ rò fún yín. Ẹni tí a bá gàn ní ilé Ọlọ́run lè bínú kí ó jà. Ó sì lè gbé ẹ̀gàn náà mì, kí ó padà wá jókòó sí ẹ̀yìn ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Richard Allen kò ṣe èkínní, kò sì ṣe èkejì.

ÌGBÀ TÍ Ó WÀ LÓKO ẸRÚ

Ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 1760 ni a bí Richard. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹrú sì ni òun náà láti inú oyún wá. Olówó wọn ni Benjamin Chew, agbẹjọ́rò ọlọ́rọ̀ kan ní Filadélfíà, ẹni tí ó di adájọ́ àgbà ilẹ̀ Pennsylvania. Nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, Chew ta bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ pọ̀ fún àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Stokely Sturgis, nítòsí ìlú Dover ní ilẹ̀ Delaware. Sturgis kì í ṣe ìkà ènìyàn. Richard fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i nígbà ogbó rẹ̀ pé bí bàbá ni ó rí sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oore olówó ẹni kò sọ ẹrú di ọmọ. Nígbà tí gbèsè wọ Sturgis lọ́rùn, ó ta ìyá Richard àti mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Richard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti arábìnrin wọn kan ni ó kù lóko náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1777, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, Richard gbọ́ ìwàásù àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí ń rìn káàkiri orí ilẹ̀ náà, ó sì fi ọkàn rẹ̀ fún Olúwa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà gbàgbọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún Sturgis pé ẹ̀sìn yóò sọ àwọn ẹrú rẹ̀ di ọ̀lẹ. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì gbọ́ èyí, wọ́n pinnu pé iṣẹ́ àwọn yóò dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ọjọ́ ìpàdé bá kò, tí èpò sì wà lóko, oko ni wọ́n ń lọ. Sturgis rí i, ó sì jẹ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíràn pé ẹ̀sìn ti mú kí àwọn ẹrú òun sàn sí i.

Ó fi àyè sílẹ̀ kí a máa wàásù nínú ilé rẹ̀. Ní ọdún 1779, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Freeborn Garrettson, ẹni tí ó ti dá ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí Dáníẹ́lì túmọ̀ fún ọba Belṣásárì, nípa ẹni tí a wọ̀n lórí òṣùwọ̀n tí kò sì kún ojú òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sturgis lára. Ó mọ̀ pé òun ni a ń wọ̀n. Ó gbà kí Richard àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ara wọn padà. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là owó bébà ìgbà náà ni ó bù lé Richard lórí. Richard gé igi títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò, ó ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣe bíríkì, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà gbé iyọ̀ ní àkókò ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ojú ọ̀nà iyọ̀ yìí, ó máa ń dúró wàásù níbi tí ó bá sinmi. Ní ọdún 1783 ó ti san owó náà tán, kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ó sì fún ara rẹ̀ ní orúkọ ìdílé tí olówó kankan kò fún un: Allen.

Ó rìn ní ẹsẹ̀ la Delaware, Maryland, New Jersey àti Pennsylvania kọjá láti wàásù, fún funfun àti fún dúdú. Bíṣọ́ọ̀bù Francis Asbury, àgbà àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí ó máa bá òun lọ sí ìhà gúúsù. Ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bá àwọn ẹrú ṣe pọ̀, àti pé inú kẹ̀kẹ́ ni yóò máa sùn. Allen dúpẹ́, ó sì kọ̀.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N JÁDE

Ní ọdún 1786, ìjọ St. George ní Filadélfíà pe Allen wá wàásù. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n fún un. Kò kùn. Ó kó àwọn ènìyàn dúdú jọ fún àdúrà títí wọ́n fi di 42, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1787, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Absalom Jones, ẹrú àtijọ́ tí ó ti kọ́kọ́ ra ìyàwó rẹ̀ kí ó tó ra ara rẹ̀, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Áfíríkà Olómìnira sílẹ̀. Olúkúlùkù ń dá owó sí i lóṣooṣù, kí a lè máa tọ́jú aláìsàn, opó àti ọmọ òrukàn.

Bí àwọn ènìyàn dúdú ti ń pọ̀ ní St. George, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn kan ń korò sí wọn. A kọ́kọ́ kó wọn kúrò lórí ìjókòó tí wọ́n ti ń jókòó, a ní kí wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri. Lẹ́yìn náà, ìjọ kọ́ àjà òkè sí inú ilé ìsìn. Àwọn ènìyàn dúdú dá owó sí iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú rẹ̀. Nígbà tí ó parí, a sọ fún wọn pé òkè náà ni ibi tiwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan wọ́n gòkè lọ, wọ́n sì wá ibi tí wọ́n rò pé ó yẹ kí wọ́n wà, wọ́n kúnlẹ̀ fún àdúrà. Allen gbọ́ ariwo, ó gbójú sókè, ó rí ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ilé ìsìn tí ó di Absalom Jones mú, tí ó ń fà á dìde, tí ó ń sọ pé kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀. Jones bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àdúrà parí ná. Ọkùnrin náà kò gbà. Ó ké sí èkejì rẹ̀, òun náà sì lọ gbá William White mú. Bí àdúrà ti parí ni gbogbo wọn dìde pọ̀, wọ́n jáde, wọn kò sì padà sí ilé náà mọ́ láti jọ́sìn. Ọdún 1787 ni Allen fi ọjọ́ náà sí nígbà tí ó ń ro ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn òpìtàn tí wọ́n wo ìwé ìṣirò owó àjà náà sọ pé ọdún 1792 ni.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé ọwọ́ sókè lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ́ kí àdúrà parí. Ṣùgbọ́n wọn kò tún dúró. Àwọn kan nínú wa a máa rò pé sùúrù ni kí a jókòó sí ibikíbi tí a bá fi wá sí. Sùúrù Allen kò rí bẹ́ẹ̀.

ILÉ ALÁGBẸ̀DẸ TÍ Ó DI BẸ́TẸ́LÌ

Àwọn àgbà ìjọ náà halẹ̀ mọ́ wọn pé a ó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé. Wọn kò bẹ̀rù. Ní ọdún 1791 Allen ti ra ilẹ̀ kan ní òpópónà Kẹfà. Nígbà tí ó di pé kí a yan irú ìjọ tí wọn yóò jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yan Ìjọ Episcopal, wọ́n sì fẹ́ kí Allen ṣe olùṣọ́ àgùntàn wọn. Ó kọ̀, nítorí pé nínú ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí ó rọrùn fún ẹrú láti gbọ́ ni òun ti rí ìgbàlà. Jones ni ó gba ipò náà. Ọ̀nà wọn yà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn kò yà. Allen ra ilé alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kan, ó fi ẹṣin wọ́ ọ wá sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì mú káfíńtà wá tún un ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 1794, Bíṣọ́ọ̀bù Asbury wá ya ilé náà sí mímọ́, a sì pe orúkọ rẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì.

Ṣáájú ìyàsímímọ́ yìí ni ìdánwò ńlá ti dé bá ìlú. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1793, ibà pọ́njú bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará Filadélfíà, tí í ṣe olú ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà. Àwọn ìjòyè sá, ọkọ sá fi aya sílẹ̀, òkú wà nínú ilé tí a kò rí ẹni sin ín. Dókítà Benjamin Rush, ọ̀rẹ́ àwọn ènìyàn dúdú, gbàgbọ́ pé àìsàn náà kì í mú ẹni dúdú, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde wá ràn ìlú lọ́wọ́. Allen àti Jones kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n gbé òkú, wọ́n sin ín. Àṣìṣe ni dókítà náà ṣe. Ibà náà mú ènìyàn dúdú bí ó ti mú funfun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, Allen fúnra rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ àìsàn kí Ọlọ́run tó gbé e dìde. Nígbà tí ó fi di oṣù Kọkànlá, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ti kú, èyí tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará ìlú.

Kí ni èrè wọn? Òǹtẹ̀wé kan tí ń jẹ́ Mathew Carey kọ ìwé pé àwọn olùtọ́jú dúdú gba owó gọbọi, wọ́n sì jí ẹrù aláìsàn. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní ìlú tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1794 Allen àti Jones fi ìwé tiwọn dáhùn. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ka ohun tí àwọn ènìyàn wọn ṣe, wọ́n sì tẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀: owó tí wọ́n gbà fún ìsìnkú àti fún sísun ibùsùn aláìsàn jẹ́ £233 àti díẹ̀, owó tí wọ́n san fún àwọn òṣìṣẹ́ àti fún pósí jẹ́ £411. Àpò ara wọn ni £177 àti díẹ̀ ti jáde. Olórí ìlú, Matthew Clarkson, fi ọwọ́ sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn dára. Ẹ̀yin akápò ìjọ, ẹ wo ohun tí ìwé ìṣirò tí ó mọ́ lè ṣe ní ọjọ́ tí a bá ba ènìyàn lórúkọ jẹ́.

ẸJỌ́ LÓRÍ BẸ́TẸ́LÌ

Ní ọdún 1799, Asbury fi Allen jẹ díákónì, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà láàrin àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà. Kò jẹun lórí ìjọ. Ó ní ìsọ̀ bàtà, ó sì jẹ́ ọ̀gá àwọn tí ń gbá ihò èéfín ilé onílé. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Flora, kú ní ọdún 1801. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ Sarah, obìnrin tí ó bí ọmọ mẹ́fà fún un, tí ó sì ń fi ilé wọn pa àwọn ẹrú tí ó sá mọ́. Obìnrin yìí ni ó rí àwọn oníwàásù tí wọ́n wá sí àpéjọ nínú aṣọ àkísà, tí ó kó àwọn obìnrin jọ láti tún aṣọ wọn rán. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ náà ti wá.

Kí a má ṣe rò pé òmìnira Allen dá a lójú nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ kan ọkùnrin kan tí ń ra ẹrú dé láti gúúsù, ó di í mú, ó ní ẹrú tí ó sá ni. Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ fún ogún ọdún ni a gbé lọ síwájú adájọ́ bí olè! Wọ́n dá a sílẹ̀. Allen pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́, a sì tì í mọ́lé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Allen fi í sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí irú rẹ̀ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn mọ́.

Ìjà tí ó pẹ́ jù lọ ni ti ilé Bẹ́tẹ́lì. Nínú ìwé àdéhùn ọdún 1796, tí alàgbà òyìnbó kan kọ fún wọn, ìní ìjọ náà ti bọ́ sí abẹ́ àpapọ̀ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láì jẹ́ pé wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọdún 1807. Àwọn alàgbà òyìnbó kò gbà. Ní ọdún 1815, a lu ilé náà ní gbàǹjo, Allen sì ní láti dá $10,125 lé e kí ó tó lè ra ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ní òpin ọdún náà, alàgbà kan fẹ́ fi ipá gun orí àga ìwàásù. Àwọn ọmọ ìjọ dúró kún ojú ọ̀nà àárín ilé, èjìká sí èjìká. Wọn kò lù ú. Kò sáà rí ọ̀nà gbà kọjá. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1816, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Pennsylvania sì dá Bẹ́tẹ́lì láre.

Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn aṣojú ìjọ àwọn ènìyàn dúdú láti Baltimore, láti New Jersey àti láti àwọn ìlú mìíràn pàdé ní Filadélfíà, wọ́n sì dá Ìjọ African Methodist Episcopal sílẹ̀. Daniel Coker ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó yọ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1816, a gbé ọwọ́ lé Richard Allen lórí. Coker yìí ni ó wọ ọkọ̀ Elizabeth wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1820, tí ó sì ṣiṣẹ́ Olúwa ní Freetown títí ó fi kú, ní ìlú kan náà tí a gbé ọmọ wa Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1822.

Allen kì í ṣe ẹni tí kò lè ṣìnà. Nígbà tí Jarena Lee sọ fún un pé Ọlọ́run pe òun láti wàásù, ó ní ìlànà kò fi àyè gba obìnrin. Ní ọdún 1819 ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà nínú Bẹ́tẹ́lì, ó dìde, ó sì jẹ́wọ́ pé ìpè náà ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oṣù Kìíní ọdún 1817, nígbà tí àwọn òyìnbó ńláńlá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti kó àwọn ènìyàn dúdú olómìnira lọ sí Áfíríkà. Ọkàn Allen àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Forten ti fà díẹ̀ sí i. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọkùnrin kún Bẹ́tẹ́lì. Nígbà tí a bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ, kò sí ẹnìkan tí ó dáhùn. Nígbà tí a bi àwọn tí kò fẹ́, ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn olómìnira bá lọ, kò ní sí ẹni tí yóò gbèjà àwọn tí ó ṣì wà lóko ẹrú. Àwọn olórí sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìjọ.

ÌRÚKÈRÚDÒ CINCINNATI

Agbára ìjọ náà kò dá inúnibíni dúró. Ní ọdún 1822, àwọn aláṣẹ Charleston, ní South Carolina, sọ pé Denmark Vesey, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀, ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀ láti dá ẹrú sílẹ̀. A so òun àti ènìyàn 34 mìíràn rọ̀, a sì wó ilé ìjọ náà. Olùṣọ́ àgùntàn wọn, Morris Brown, sá wá bá Allen, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù kejì ní ọdún 1828.

Lẹ́yìn náà ni ti Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí kò sí oko ẹrú. Òfin ọdún 1807 wà níbẹ̀ pé ẹni dúdú tí ó bá wọ ìlú gbọdọ̀ rí onígbọ̀wọ́ fún $500, ṣùgbọ́n a kò tẹ̀lé e. Ní ọdún 1829, bí àwọn ènìyàn dúdú ti ń pọ̀ níbi iṣẹ́, àwọn aláṣẹ ní kí a mú òfin náà ṣẹ. Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ní oṣù Kẹjọ, agbo àwọn jàǹdùkú òyìnbó kọlu àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n ń ba ilé wọn jẹ́. Ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ kó kúrò ní ìlú náà. Àwọn kan rìn dé Kánádà.

Nígbà tí ìròyìn yìí kàn káàkiri, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Baltimore, Hezekiah Grice, dá a lábàá pé kí àwọn ènìyàn dúdú láti ìpínlẹ̀ gbogbo pàdé. Allen ti di ẹni 70 ọdún, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Síbẹ̀ ó ṣí ìlẹ̀kùn Bẹ́tẹ́lì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830 wọ́n pàdé, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ. Wọ́n gbèrò bí a ó ṣe ran àwọn tí a lé jáde lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ ní Kánádà, àti bí àwọn tí ó kù yóò ṣe máa kọ́ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Irú àpéjọ àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí rí láàrin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ó di ohun tí a ń ṣe léraléra títí ogun fi fọ́ ẹ̀wọ̀n ẹrú.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1831, Richard Allen sùn nínú Olúwa. Òkú rẹ̀ wà lábẹ́ Bẹ́tẹ́lì títí di òní, lórí ilẹ̀ kan náà tí ó rà ní ọdún 1791, tí ìjọ náà kò sì tà rí.

Rògbòdìyàn kò tán nígbà tí ó kú. Ní ọdún 1834, àwọn jàǹdùkú kọlu àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní Filadélfíà fúnra rẹ̀. Ìjọ Charleston tí a wó tún dìde. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan jókòó tì wọ́n níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì fi ìbọn pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìsìn náà, wọ́n sì jọ́sìn.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a ní ilé ìsìn tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò fà dìde lórí eékún, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí ẹnìkan bá wà nínú ìjọ wa tí a ti sọ fún pé ibi tí ó kúnlẹ̀ sí kì í ṣe ibi tirẹ̀: òtòṣì, àlejò, ẹni tí kì í sọ èdè wa, tàbí ẹni tí a mọ ìdílé rẹ̀ sí ẹrú. Bí ó bá wà, a ti di olùtọ́jú St. George, a kì í sì í ṣe ọmọ Allen. Kí Olúwa má jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àmín.